Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aládìrẹ Lórí Owó Ìsọ̀ àti Tíkẹ́ẹ̀tì Ọjà

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Oṣù Kejì, 2026.

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, àti gbogbo ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ni aládìrẹ: àwọn tó ń fi ìko di aṣọ, àwọn tó ń fi àbẹ́là tẹ̀ ẹ́, àwọn ìyá tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára rẹ̀, àwọn tó ń rẹ ẹ́, àtàwọn tó ń tà á.

Owó ìsọ̀ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù kìíní, àti tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́, ló gbé wa wá. A ò wá sọ pé a ò ní san. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló fi ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, a sì mọ̀ pé owó la fi ń tọ́jú ọjà. Àsìkò tí wọ́n ń gbà á, àti ọwọ́ ẹni tó ń gbà á, ni ẹ̀bẹ̀ wa.

Láti ìgbà tí kòrónà ti sé wa mọ́lé ní 2020 ni ọjà ti ṣubú. Ó ń fọwọ́ tilẹ̀ kó dìde ni ọ̀wọ́n owó tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023: oníbàárà dúró, aṣọ wà nílẹ̀, kò sí owó tí a ó fi rà á. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí. Ẹlòmíì lè ní kí ló kan aláró kan dọ́là. Òkè òkun ni lulú aró ti ń wá. Ibẹ̀ ni kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí à ń pò mọ́ aró, ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí à ń rẹ ti ń wá. Ìyẹ́ adìyẹ nìkan ló kù tí kò mọ dọ́là.

Bí a bá tún rẹ aṣọ náà tán, a ó bá èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà lórí igbá ẹlẹ́gbẹ́ wa. Bátànì wa ni wọ́n wò tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ ò sì tó ohun tí a fi ra èròjà.

A ò ní purọ́ fún àgbà: ọjà ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ́jọdá ti ń padà wá, àwọn ọmọ wa l'Éèkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi WhatsApp ránṣẹ́ ra aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọ̀pá márùn-ún tẹ́lẹ̀ ń ra mẹ́ta, yóò ní kí télọ̀ lọ fọgbọ́n gé e. Èrè tó yẹ kó padà di ojú owó, oúnjẹ ti gbé e mì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi kó sọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, tí wọ́n ń gbowó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òjò rọ̀, òjò ò rọ̀. Aláró rèé, bí òòrùn ò bá ràn, aṣọ rẹ̀ ò lè gbẹ.

Ọdún Kérésì la máa ń tajà jù. Tí oṣù kìíní bá dé, owó iléèwé ọmọ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, ọjà á dá wáí. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń wá gba owó ìsọ̀ ọdún kan gbáko. Ẹni tí kò bá ní in á lọ yá a, èlé rẹ̀ ni yóò sì fi oṣù mẹ́ta san.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ló wá dun wá jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a rí tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mẹ́ta, kò sí òǹtẹ̀ lára ìkankan, orúkọ yín sì ni àwọn tó mú un wá ń dá. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní òun ti san. Wọ́n gbé bàsíà aṣọ rẹ̀ lọ, aṣọ ẹbí obìnrin kan ló wà níbẹ̀, kò tíì ṣan kọ́sítíìkì kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló rí i gbà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tó bá níbẹ̀: aṣọ tí kọ́sítíìkì sùn sí lára ti di akísà. Ó san owó aṣọ fún obìnrin náà, ó sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

A ń bẹ̀ yín, ẹ pín owó ìsọ̀ sí mẹ́rin, kí ìpín àkọ́kọ́ di ẹ̀yìn ọdún Lísàbí ti àwa Ẹ̀gbá, nígbà tí oṣù kìíní bá ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ oríṣi kan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín, kí aṣojú ẹgbẹ́ wa sì máa bá agbowó rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má gbé aṣọ tó wà nínú aró mọ́, gbèsè yòówù kí oníṣẹ́ jẹ. Bí ààyè bá sì wà, ẹ bá wa ṣe kànga ẹ̀rọ kan àti gọ́tà tí omi aró yóò máa gbà lọ, nítorí omi la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, a sì ń ra á ní kẹ́ẹ̀gì. A gbọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wá sọ́wọ́ yín tààrà. A bá yín yọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ní 1936, nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé, àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta fi ẹ̀hónú hàn lórí òfin tó de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, ìjọba ìgbà náà sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ láti gbọ́ tẹnu wọn.

Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá dá, a ó wá, bí kò bá ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá sì fẹ́ wá fojú ara yín rí i, ẹ kàn má wọ bàtà tí ẹ ò ní fẹ́ kí aró ta sí.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé àti Akápò,
fún gbogbo aládìrẹ.