Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Pàkátà

Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì,

Ṣé ara ti ń balẹ̀ díẹ̀? Láti alẹ́ Jímọ̀ tí ẹ pè mí, oorun mi ò já geere. Ẹ ní kí n sọ èyí tí kò ní yọ yín lẹ́nu nínú oríṣi ìtọ́jú onítànṣán méjì fún jẹjẹrẹ prostate yìí, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Kò sí èyí tí kì í yọni lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wo wàhálà tí ara yín á lè gbà.

Hóró kéékèèké onítànṣán tí wọ́n ń gbìn sínú prostate ló wù yín, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìtọ̀ nìyẹn ń bá jà jù. Á máa ta yín, á máa lé yín kiri, nígbà mìíràn á sé pátápátá títí wọ́n á fi ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru kí àsùbá tó wọlé, tí ẹ ń tún àlùwàlá ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kírun! Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ìtànṣán tó ń jáde lára hóró náà, fún bí oṣù méjì, ẹ ò ní lè gbé ọmọ-ọmọ yín lé itan fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán láti ìta kì í fi nǹkan kan sí yín lára tẹ̀lé yín wálé. Ìfun ìsàlẹ̀ lòun sábà ń dà láàmú: ìgbẹ́ á máa kánjú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè bá a jáde lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bò ó. Kí ìnira yìí lè dín kù ni wọ́n ṣe ń ní kí àpò ìtọ̀ kún, kí ìfun sì ṣófo, kí ẹ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìwádìí CHHiP tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2016, fi hàn pé gbígba ìtànṣán yìí nígbà 20 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́ bíi ti ìgbà 37, ìnira rẹ̀ ò sì ju tiyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ ọmọ yín n'Íbàdàn, ẹ lè ṣe é.

Èyí tí ẹ fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí: bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì lè dín agbára ọkùnrin kù, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Oògùn wà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyàwó yín nísinsìnyí, kó má rò pé ẹ ti kọ òun.

Láti alẹ́ òní, ẹ máa kọ iye ìgbà tí ẹ ń jí tọ̀ sílẹ̀. A ó jọ gbé e lọ bá dókítà.

Àbúrò yín obìnrin.