Kí Ló Kan Orúkọ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Nínú Iṣẹ́ Tí Ènìyàn Lè Ṣe?

Sí Olóòtú,

Ìpolówó iṣẹ́ kan tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mí dé akínyẹmí ara. Iléeṣẹ́ náà ń wá ọ̀mọ̀wé tí yóò máa kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Àbúrò mi obìnrin gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tó fi to gbogbo ohùn tó gbà sílẹ̀ fún ìwádìí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ti ń béèrè ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló bá níbẹ̀. Kò sí àyè láti kọ òmíràn, fọ́ọ̀mù náà kò sì jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ẹ gbà mí o, ta ló tún mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ju ẹni tó fi í ṣe ẹ̀kọ́ lọ?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń wò, wọn kì í wo ohun tí ọwọ́ ẹni náà lè ṣe. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lórí ìwádìí kan ti mọ bí a ṣe ń tú ìbéèrè tó díjú palẹ̀, ó ti mọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò kí a tó gbà á gbọ́, ó sì ti mọ bí a ṣe ń tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èyí tí a ṣe kò bá já sí nǹkan kan. Báǹkì wo, ilé ìwòsàn wo, iléeṣẹ́ ìjọba wo ni kò nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀? Oyè ọ̀mọ̀wé físíìsì ni Venkatraman Ramakrishnan gbà ní 1976 kí ó tó padà lọ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2009. Mo fẹ́ mọ ohun tí irú fọ́ọ̀mù yẹn ì bá sọ fún un.

Àwọn aláṣẹ fásitì náà kò ṣeé yọ sílẹ̀. Ní 2010, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi hàn pé nínú igba (200) ènìyàn tó gboyè ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n kò pé ẹyọ kan. Síbẹ̀, bí ẹni pé gbogbo wọn ni àga ọ̀jọ̀gbọ́n ń dúró dè ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì lanu sọ pé ibòmíràn lòun fẹ́ gbà, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Mo mọ ẹnì kan tí alábòójútó rẹ̀ kò ka iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́ láti ọjọ́ tó ti sọ pé iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé lòun ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí fásitì sọ ọ́ di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lo oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, níbi iṣẹ́ tí kò jọ mọ́ ìwádìí rẹ̀ rárá. BBSRC, ìgbìmọ̀ tó ń náwó sí ìwádìí nípa ohun ẹlẹ́mìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi irú rẹ̀ sínú ètò rẹ̀ láti 2012, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò lọ, kí owó ìrànwọ́ rẹ̀ má dúró, kí alábòójútó má sì ní agbára láti sọ pé rárá. Ìgbà tó bá ti kó ẹ̀rí ìwádìí rẹ̀ jọ tán, tí kò sì tíì jókòó láti kọ ọ́, ló dára jù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ nígbà náà, àyè sì ṣì wà fún un láti yí ìpinnu rẹ̀ padà. Kí ọ̀gá tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ohun tó rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe, kí ìwé náà sì wà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí àwọn agbanisíṣẹ́ wa tí kì í wo ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe lè rí nǹkan kà.

Ó tún yẹ kí fásitì máa kéde ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ lè máa bi àwọn tó ń gbé ìpolówó wá léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹni náà ṣe, kí ẹ tó bá wọn tẹ orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín