Bàbá, Bàtà Yẹn Kì í Ṣe Ti Afẹ́

Bendigo, ní Victoria, Australia: Òkè Wúrà Tuntun àwa ará Ṣáínà
1858

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí gbogbo ilé. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bàtà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lèmi náà máa fi bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni, mo ra bàtà òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó délé tó ní mo ń fi bàtà yan kiri, ṣé ó sọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ṣe rí kí n tó rà á? Melbourne ló yẹ kí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí. Òfin 1855 ní kí ará Ṣáínà kọ̀ọ̀kan san pọ́n-ùn 10 kó tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Victoria. Òyìnbó kì í san án. Ni ọ̀gá ọkọ̀ bá kó wa lọ sí Robe, ní South Australia, ó dà wá sétí òkun. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ibi wúrà, ó ju máìlì 200 lọ: ọ̀pá léjìká, apẹ̀rẹ̀ níwájú, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, a tò tẹ̀lé ara wa bí ìjàlọ. Afinimọ̀nà tí a sanwó fún sá lọ lóru. Bàtà koríko tí Màmá hun tú kó tó di ọjọ́ kẹwàá. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ló ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, Bàbá. Bàtà òkú òyìnbó kan ni mo rà, àkísà ni mo sì fi ń dí imú rẹ̀ kó má baà bọ́.

Iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn òyìnbó ti kó dànù la ń tún fọ̀. Àbúrò yín á da iyẹ̀pẹ̀ sínú àpótí, èmi á bu omi sí i, màá máa mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ, títí eruku wúrà á fi kù nísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi gbẹ, ọwọ́ wa dilẹ̀. Owó ìgbélé tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwa ará Ṣáínà nìkan kò dilẹ̀ ní tirẹ̀.

Ara àbúrò yín yá. Ó kàn ń pẹ́ kó tó jí ni. Pípù tó ń fà lálẹ́, ó ní oògùn ikọ́ ni. Ara rẹ̀ yá, ẹ má ṣèyọnu. Èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ báyìí.

Wúrà wà lábẹ́ kọ́là ẹ̀wù ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ tú u níṣojú Màmá. Mo mọ̀ pé kò tó ìdajì owó ọkọ̀ tí ẹ yá. Ẹ ní olówó ń wá sílé lemọ́lemọ́. Kí ló ń wá wò? Ṣé oko ni, àbí àbúrò mi obìnrin? Ẹ ò dárúkọ ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà yín. Kì í ṣe òun ló wọkọ̀. Ẹ fi oko dúró, ẹ má fi í ṣe ìwọ̀fà.

Mo fẹ́ ra bàtà fún un. Kó tẹsẹ̀ lé ìwé, kí Màmá fi èédú yà á yípo, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ̀ sínú, mo rántí. Màá mọ̀ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọ yín