Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí: Ọ̀rọ̀ Básíkùlù Àwọn Ọmọ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,
Gwagwalada, Àbújá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ẹ kú ooru yìí o. Ẹ kú ààwẹ̀, ti Rámádánì àti ti Lẹ́ǹtì. Ẹ sì kú ìnáwó, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí àpòòwé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, owó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú èyí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilé-ìwé, kì í sì í ṣe dandan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí Haúsá tàbí Òyìnbó bá rọrùn fún yóò rí tiwọn gbà lọ́fíìsì.

Ká yára mú àwọn nǹkan kéékèèké kúrò nílẹ̀. Ìdánwò ti parí, káàdì èsì sì ti wà nínú báàgì àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bá rí i, kó kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ dáadáa kó tó wá bi mí. Ìsinmi àwọn SS3 kò ní gùn, torí WAEC kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ àfikún wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Fóònù tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, òbí nìkan ni mo sì máa kó o fún. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó wọlé, ẹ bá wọn wá rẹ́ńkóòtù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ básíkùlù.

Ẹni tó bá ti dúró sẹ́nu géètì wa ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ yóò ti rí ohun tí mò ń rí. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ọlọ́dẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ti ọ̀nà Dobi àti ọ̀nà Paikon Kore wá máa ń yà sí. Wọn a bọ́ sílípáàsì, wọn a ṣan eruku pupa tó dé orúnkún, wọn a wá yọ bàtà ilé-ìwé jáde láti inú láílọ́ọ̀nù, wọn a fi etí síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò nu ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Bàtà yẹn kò gbọdọ̀ gbó kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, nítorí náà kì í kan ilẹ̀ ọ̀nà rárá. Kí wọ́n tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, àsẹ́ńbílì ti tú, wọ́n ti pe orúkọ, tíṣà ìṣirò sì ti kọ nǹkan kún bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a ṣí rẹ́jísítà níwájú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, àwọn kan náà ló ń pẹ́ dé, àwọn kan náà ni kì í wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, àwọn kan náà ni ìwé wọn kún fún àlàfo. Kì í ṣe pé orí wọn kò pé. Ọ̀nà ló jìn.

Nígbà kan, òbí wọn máa ń wá owó ọ̀kadà fún wọn. Ọ̀kadà tí ìjọba lé kúrò láàárín ìlú Àbújá láti 2006 ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, òun náà ló sì ń wọ abúlé tí mọ́tò kì í dé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 di ₦537 ní Àbújá, tí ó tún fò di ₦617 kí oṣù Keje tó parí, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni ìyà ọ̀hún bọ́ sí. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa kò lè san àlọ àti àbọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ní kó wá owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gàrí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn òbí wa ló mú àbá wá. Ẹgbẹ́ àánú kan wà tí wọ́n ń pè ní World Bicycle Relief, tí tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2005 lẹ́yìn ìgbì omi òkun ńlá (tsunami) tó run etíkun Sri Lanka àti àwọn ìlú mìíràn ní ìparí 2004. Básíkùlù ni wọ́n ń kó fún àwọn ènìyàn, básíkùlù onírin líle tí kárìà ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé ẹrù tó 100 kìlógírámù. Àwọn agùnkẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà a máa bá wọn kówó jọ báyìí: ẹ fi nǹkan ta akẹ́kọ̀ọ́ ní Áfíríkà lọ́rẹ, a ó kó orúkọ ẹ̀yin tó ta á lọ́rẹ jọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde yóò gba ẹ̀bùn. Òbí wa yìí ní àwa náà lè ṣe é níwọ̀n agbára wa.

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá básíkùlù ń ṣe nǹkan kan fún ẹ̀kọ́ ọmọ yàtọ̀ sí kó kàn mú inú rẹ̀ dùn. Ó ń ṣe é. Láti 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin tó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án lówó básíkùlù. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé iye ọmọbìnrin tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì fi nǹkan bí 32 nínú 100 lé sí i, abúlé tó sì jìn tó kìlómítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni èrè náà ti pọ̀ jù. Ní Zambia, níbi tí World Bicycle Relief ti fún àwọn ọmọbìnrin ní básíkùlù, àkókò tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ sì dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Níbi tí a bá a dé nìyí. A fẹ́ fi ogún básíkùlù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá tó kìlómítà 3 sí géètì wa ló tọ́ sí, ọ̀nà tó jìn jù la ó sì kọ́kọ́ dá lóhùn. A kò ní wo ẹni tó gbapò kìn-ín-ní, a kò ní wo ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe wá jù, a kò sì ní wo ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ ọ̀gá. Tíṣà méjì ni yóò fẹsẹ̀ rin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, fóònù ni yóò sì wọn ọ́n. Ìyá kan, bàbá kan: wọn a gba ọ̀kan fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Tòkunbọ̀ la fẹ́ rà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Èyí tuntun tí wọ́n gbé wá hàn wá ń dán, ó lágogo, ó ní òdòdó ike lára hándù, ṣùgbọ́n nígbà tí akápò wa jókòó lé kárìà rẹ̀, kárìà tẹ̀, táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. (Akápò wa kò sanra tó bí ẹ ti ń rò.) Tòkunbọ̀ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pa àwọ̀ dà, ó gbé akápò àti àpò ìrẹsì kan yí pápá ká, kò ké. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin bàbá tó jẹ́ wẹ́dà ti ṣèlérí pé òun yóò fi irin bo ṣéènì gbogbo wọn kó má baà máa gbá aṣọ mú.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ da ìpàdé wa rú ni ti ẹ̀bùn. Àbá àkọ́kọ́ ni pé ká tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ₦1,000 ẹyọ kan, kí oríire ẹni tó bá ra púpọ̀ máa pọ̀. N kò fara mọ́ ọn, mo sì sọ ọ́ níbẹ̀. Olówó á ra igba, ìyá tó ń dín àkàrà á ra ẹyọ kan, a ó wá máa pe ìyẹn ní oríire. Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà tó jẹ́ òbí lọ́dọ̀ wa dìde, ó ní ẹni tó bá fowó lélẹ̀ nítorí kó lè jẹ èyí tó jù ú lọ, tẹ́tẹ́ ló ta, kò sì sí orúkọ tí a lè fún un tí yóò sọ ọ́ di sàárà. Pásítọ̀ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní òun gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tó máa ń wá sípàdé mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í sábà fohùn ṣọ̀kan, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ láti máa darí lọ́tìrì nínú àwọn ìpínlẹ̀. Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀. Òfin lọ́tìrì ti 2005 ṣì múlẹ̀ lórí àwa tó ń gbé níhìn-ín. N kò fẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò wá máa bi mí pé ìwé àṣẹ tí mo fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì dà.

Nítorí náà, a kò ní ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ìdílé tó bá mú ohunkóhun wá, orúkọ wọn á wọ inú ike lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó mú ₦500 wá àti ẹni tó ra odindi básíkùlù, ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan ni. Kò tiẹ̀ di dandan kó jẹ́ owó: táyà, túùbù, ọjọ́ kan tí ẹ fi bá wa tún básíkùlù ṣe, oúnjẹ tí ẹ sè fún àwọn tó ń tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti wọ inú ìfàyọ orúkọ rárá, àyè wà lórí fọ́ọ̀mù láti sọ bẹ́ẹ̀. A ó gba ọrẹ rẹ̀, a kò ní fi orúkọ rẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní ìdí.

Kọ́bọ̀ kan nínú owó básíkùlù kò ní ra ẹ̀bùn. Àwọn kan láàárín yín ló fi ẹ̀bùn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá kan tó ń ta ẹran ní ọjà fi àgbò kan sílẹ̀, ìyá kan fi iṣu Abaji ogójì sílẹ̀, télọ̀ kan ní òun yóò rán yunifọ́ọ̀mù méjì láìgba owó iṣẹ́. Fáànù oníbátìrì náà wà, mo sì ti rí bí ojú ẹ̀yin kan ti ń tẹ̀ lé e. Èmi, àwọn olùkọ́ àti ìgbìmọ̀ kò sí nínú ìfàyọ náà. Ọmọ JSS1 kan ni yóò máa fa orúkọ yọ, nínú ike tí gbogbo yín yóò rí inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Àwọn kan ti yọ́ wá bá mi pé ṣé ó yẹ kí ọmọbìnrin tó ti bàlágà máa gun básíkùlù. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kó bà jẹ́, básíkùlù kì í bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì wa wà lọ́fíìsì, ó sì ṣetán láti bá ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí tó ń ba ti ọmọbìnrin jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn ni ọlọ́kadà tó ń ní kó gòkè kí òun gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí kò ní irin ìdábùú níwájú la ó rà fún wọn, a sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń lo híjáàbù á fi pín-ìn-nì mú etí rẹ̀ mọ́ra kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

Básíkùlù náà kì í ṣe ti ọmọ lọ́jọ́ tó gbà á. Òbí, ọmọ àti ilé-ẹ̀kọ́ yóò jọ tọwọ́ bọ̀wé. Bí ọmọ bá ń wá sílé-ìwé déédéé fún ọdún ẹ̀kọ́ méjì, ó di tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ lókè náà ń ṣe irú rẹ̀. Tí ẹ bá tà á, ọmọ mìíràn lẹ jà lólè. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú kí bàbá fi gbé gbágùúdá wálé lọ́jọ́ Sátidé, tàbí kí ìyá fi pọnmi. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fẹ́ èyí, wọ́n ní yóò tètè bà jẹ́. Èrò tèmi ni pé nǹkan tí kò wúlò fún ilé kì í pẹ́ tí ilé fi máa ń tà á.

Gbogbo ọmọ tó bá gbà á yóò kọ́ bí wọ́n ti ń lẹ túùbù àti bí wọ́n ti ń dá ṣéènì padà. Wọn kò gbọdọ̀ gba ojú títì márosẹ̀ tó lọ sí Lọ́kọ́jà, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Tírélà kì í rí ọmọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n máa lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn ìlú.

Fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, nọ́ńbà àpò owó ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ sanwó sí, tàbí kí ẹ mú un wá fún akápò kó já rìsíìtì fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lórúkọ mi, ẹ mọ̀ pé olè ni. Ẹ dá fọ́ọ̀mù padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé. A ó fa orúkọ yọ ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù náà, nínú gbọ̀ngàn, lẹ́yìn tí a bá ti kó básíkùlù fún àwọn ọmọ tán, kì í ṣe ṣáájú. Ìṣírò owó yóò wà lára bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ́fíìsì, rìsíìtì básíkùlù kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́

Àfikún: Pọ́ǹpù mẹ́ta péré la ní. Ẹni tí ti ilé rẹ̀ bá wà nílẹ̀ tí kò lò ó mọ́, kó fún ọmọ mú wá. Òun náà wọlé gẹ́gẹ́ bí ọrẹ.