Bí A Ṣe Bá A Nìyẹn

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹ bá mi wo ìlà àga kẹta lápá òsì, nídìí òpó. Òrùlé ń jò síbẹ̀ nígbà kan rí. A tún un ṣe, káfíńtà gbowó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án báyìí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà láàárín wa, tó ń mú àlejò kúrò níbẹ̀: "Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, sà." Mo pè é lẹ́yìn ìsìn, mo bi í pé kí ló dé. Ó ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Ọmọ náà ò purọ́. Gbólóhùn yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ àṣà dúró láyé, pàápàá àwọn tí ìdí wọn ti kú tipẹ́.

Ẹ rántí ejò idẹ tí Mósè rọ nínú aginjù (Númérì 21). Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ rẹ̀. Ejò ń bu àwọn èèyàn ṣán. Ẹni tó bá gbójú sókè wò ó, á yè. Iṣẹ́ rẹ̀ parí, wọ́n rékọjá Jọ́dánì, wọ́n ṣì gbé e dání. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Hesekíà jọba, wọ́n ń sun tùràrí sí i. Hesekíà fọ́ ọ túútúú, ó pè é ní Nehuṣtani, idẹ lásán (2 Àwọn Ọba 18). Mo máa ń rò ó pé àwọn kan á ti sunkún lọ́jọ́ náà. Ohun tó gba bàbá ńlá wọn lọ́wọ́ ikú ni ọba ń fọ́ yẹn. Wọn ò sì ṣì wí: ó gbà wọ́n lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àṣà tó yẹ ká fi sílẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ rí.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìyà ni látìbẹ̀rẹ̀. Ní Ṣáínà, fún nǹkan bí 1,000 ọdún, ìyá á mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó tó ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, á ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á yọ àtàǹpàkò nìkan sílẹ̀, á wá fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin. Tó bá ṣe, á tú u, á tún un dì kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí egungun á fi ṣẹ́. Ọmọ á máa ké. Ìyá tó ń dì í ò kórìíra rẹ̀ o. Gìgísẹ̀ lòun náà fi ń rìn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ẹsẹ̀ ọmọ òun bá tóbi, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ká tiẹ̀ ní ó fẹ́ jáwọ́: kó tó lè sọ pé kò yẹ kí ọmọ jẹ irú ìyà yẹn, ó ní láti kọ́kọ́ gbà pé lásán lòun náà jẹ tòun. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ló ti ń há wa lọ́rùn. Ta ló fẹ́ gbà pé ìyà tó jẹ òun kò wúlò? A ó ní òun ló sọ wá dèèyàn, a ó sì fi jẹ ọmọ, kí tiwa lè nítumọ̀.

Ọba Kangxi ti Ṣáínà fòfin de ẹsẹ̀ dídì yìí ní 1662. Nígbà tó fi máa di 1668, wọ́n ti fa òfin náà sẹ́yìn. Òfin ò kúkú lè bá ọmọ ẹnikẹ́ni wá ọkọ. Ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn náà, ní ìlú Xiamen, àwọn obìnrin onígbàgbọ́ bí 60 kóra jọ sọ́dọ̀ míṣọ́nnárì kan, John MacGowan, wọ́n pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó dìde lẹ́yìn wọn wá so ìlérí kejì mọ́ ọn, ibẹ̀ sì lọgbọ́n wà: a ò ní di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin wa mọ́, ọmọkùnrin wa ò sì ní fẹ́ ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ìyá yẹn wá rí ìdáhùn. Kò sí ìyá kan tó lè dá a ṣe. Nígbà tí wọ́n jọ ṣe é, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ ńlẹ̀.

Bákan náà ni nígbà tí Sweden fẹ́ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Ní 1955, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó dìbò tó ní àwọn ò fẹ́. Ìjọba ò wá ní kí ẹni tó bá wù máa yà díẹ̀díẹ̀ (ẹ wo irú òkú tí ìyẹn ì bá sùn!). Ní 3 Oṣù Kẹsàn-án 1967, aago márùn-ún ìdájí, gbogbo ọkọ̀ jọ bọ́ sí ọ̀tún.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu? Ẹni tó ń ni lára ni. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márààrún dúró níwájú Mósè (Númérì 27), wọ́n bi í pé kí ló dé tí orúkọ bàbá àwọn yóò fi parẹ́ torí pé kò bí ọkùnrin. Mósè ì bá ní bí a ṣe bá a nìyẹn. Ó gbé ẹjọ́ wọn tọ Olúwa lọ, Olúwa sì dá wọn láre. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ẹ̀yà wọn padà wá (orí 36), ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń kọ wọ́n lóminú. Wọ́n gbọ́ tàwọn náà, wọ́n tún àtúnṣe ṣe. Ẹnikẹ́ni ò pe ẹnì kejì ní ọlọ̀tẹ̀. Ó wù mí kí ìpàdé àwọn alàgbà wa máa rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó pẹ́ ló gbó o. Ẹ kọ́kọ́ bi àgbà léèrè ohun tó wà fún. Ká ní àwọn ọ́ṣà ìgbà náà ò lé èèyàn kúrò ní ìlà kẹta, òjò ì bá pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò ńlá yẹn, mo gun àkàbà lọ yẹ òrùlé wò. Ó gbẹ táútáú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ dá jókòó síbẹ̀, ìyàwó mi ní ẹ ó kàn rò pé mo fẹ́ dá wà gbàdúrà ni. Ìdílé mẹ́ta ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé láti jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Àyè èèyàn méjì ló kù.

Olùṣọ́-àgùntàn yín