Ẹrù tó ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà mi

Peckham, London
Ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé n kò gbàgbé wọn nínú àdúrà. Àwa náà wà níbí, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Mo mọ̀ pé aṣọ ẹtù tí o lọ gbà lọ́wọ́ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ṣì ń dùn ọ́. Ó ń dun èmi náà. A máa ń sọ pé ó sọnù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọnù lójú ọ̀nà rárá. Ó dé London, ó dé ẹnu ọ̀nà ẹnì kan. Nínú fọ́tò tí iléeṣẹ́ tó gbé e fi ránṣẹ́ sí wa, ilẹ̀kùn pupa ló wà níbẹ̀, búlúù sì ni tèmi. Okùn tí ìwọ fúnra rẹ fi dì í wà lára rẹ̀, orúkọ mi hàn gedegbe. Wọ́n ní àwọn ti gbé e dé, ó parí. O kọ̀wé sí wọn títí ó fi sú ọ. Onílẹ̀kùn pupa yẹn rí orúkọ mi, ó sì gbé aṣọ mi wọlé.

Àṣàkẹ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú ọ̀rọ̀ náà wá kan èmi náà.

Mo ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo bá páálí ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà, òjò sì ti ń pa igun rẹ̀ kan. Nọ́ńbà ilé wa ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò kì í ṣe tiwa. Àdúgbò méjèèjì jọra lórúkọ, "Road" ló parí tiwa, "Close" ló parí tiwọn. Orúkọ ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló wà lókè. Mo gbé e wọlé nítorí òjò.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ tú u. Òfin ní ohun tí èèyàn ò bá béèrè fún, tí wọ́n gbé wá bá a, tiẹ̀ ni." Ó dá a lójú. Níbi iṣẹ́, ẹni mẹ́ta ló sọ ohun kan náà fún mi, ọ̀kan tilẹ̀ ní Ọlọ́run ló fi ta mí lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ló ká mi lára jù. Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í kọ orúkọ ẹlòmíràn sára ohun tó bá fẹ́ fún mi.

Mo fi ọjọ́ ìsinmi mi wádìí òfin náà. Èyí tí ọmọ mi ń sọ wà lóòótọ́. Ní 1971 ni wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ yìí, nítorí àwọn oníṣòwò kan tó máa ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè, tí wọ́n á wá máa halẹ̀ mọ́ ọn pé kó sanwó. Ẹni tí wọ́n dìídì fi ọjà há lọ́rùn bẹ́ẹ̀ ni òfin náà ń gbèjà. Ẹrù tí ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀, tí awakọ̀ kan kàn ṣì gbé sílé mi, kò sí nínú rẹ̀.

Òfin olè jíjà ti 1968 ló kan ọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní bí nǹkan bá tilẹ̀ dé ọwọ́ èèyàn láìjí i, tó bá yá tó wá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀, ó ti jí i. Nígbà tí mo gbé páálí kúrò nínú òjò, n kò tíì ṣe ohun tó burú. Ọ̀bẹ tí mo bá mú láti fi tú u, kí n kó ohun inú rẹ̀, níbẹ̀ ni olè ti bẹ̀rẹ̀. Òfin náà kò ka ẹni tó bá gbà tọkàntọkàn pé kò sí bí òun ṣe lè rí olóhun sí olè. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ìyẹn fún, nígbà tí orúkọ àti àdúgbò wà lára páálí, tí ibẹ̀ kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ? Òfin ti 2000 tún wà lórí ẹrù póòsì: ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ṣì í gbé wá ni, tó sì tú u láìnídìí láti fi ṣe olóhun níbi, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àbúrò mi ní Houston ní tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù póòsì ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní, "Ṣebí wọ́n á dá owó ọkùnrin náà padà? Iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Ta ló pàdánù?"

Mo ro ìyẹn dáadáa, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin ibí ti 2015 ní ọrùn ẹni tó ta ọjà ni ewu rẹ̀ wà títí tí yóò fi tẹ ẹni tó rà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló dá owó tìrẹ padà? Kì í ṣe ọjà tí mo rà, ẹ̀bùn tí o fi ránṣẹ́ ni. Onílẹ̀kùn pupa kò mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ ńlá lòun ń ṣe níbi, tàbí obìnrin kan ní Ìbàdàn tó fi owó àjọ hun aṣọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹrù méjèèjì máa ń rí láti ìta.

Mo wá sọ fún un nípa ọ̀nà oko tí èmi àti ìwọ máa ń gbà lọ sílé ìwé. Ṣé o rántí àtẹ ọsàn yẹn? Òkìtì-òkìtì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta níwájú èyí, márùn-ún níwájú ìyẹn, ẹni tó ni ọjà ti wà lóko. Èèyàn á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á kó ọsàn. Lọ́jọ́ tí a kò bá ní kọ́bọ̀, a máa ń wò ó kọjá pẹ̀lú òùngbẹ lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ mi béèrè pé ta ló wá ń ṣọ́ ọ. Mo ní kò sí ẹnì kankan, pé a kàn mọ̀ pé ó ní olóhun ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò ní gbogbo ẹrù àṣìgbé ni èèyàn ò lè fi ṣe tirẹ̀ o. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ra bílẹ́ńdà kan, méjì ni wọ́n gbé wá. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kó máa lò ó. Ó béèrè, wọ́n sì fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ mi so páálí náà mọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń fa ọjà, a fà á dé ọ̀hún. Bàbá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí orúkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé páálí náà bí ẹni gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ. Ó dúpẹ́ títí. Ó wá ní, "Àbí ẹ rí i, àná ni wọ́n dá owó mi padà."

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó wà lápò rẹ̀, àwa nìkan ló sì mọ̀. Ó wọlé lọ mú fóònù, ó pe àwọn tó tà á lójú wa. Wọ́n fi orin dá a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi, tí kì í lè dúró de bọ́ọ̀sì, jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò sọ pé ká máa lọ. Ìgbà tí bàbá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tó sọ pé kí wọ́n wá gba owó wọn, ni a tó dìde.

Níbi ìnáwó, mo ṣì máa ń wo orí àwọn obìnrin. Mo ń wá ẹtù dúdú bí aró, onílà tẹ́ẹ́rẹ́, bí o ṣe júwe rẹ̀ fún mi. N kò mọ ohun tí màá sọ bí mo bá rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ níbí ní Oṣù Kejìlá. Bí ahunṣọ yẹn bá ṣì ní irú rẹ̀, gba ìwọ̀n gèlè nìkan, kí o fi rán wọn. Èmi ni màá sanwó rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, má bá mi jiyàn. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sì sọ bí ẹsẹ̀ màmá ṣe ń ṣe.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùnní