Aago nìkan kọ́ la fi ń mọ ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn eré ìdárayá yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn agunkẹ̀kẹ́ òde òní ti fi Eddy Merckx, ògbóǹtarìgì agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Belgium láyé àtijọ́, sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rí tó mú wá ò ju ẹyọ kan lọ: Merckx gun kìlómítà 49.431 láàárín wákàtí kan ní Mexico City lọ́dún 1972, Filippo Ganna ọmọ Ítálì sì gun 56.792 lọ́dún 2022. Òótọ́ ni iye méjèèjì. Ìdájọ́ tó gbé kà á ni kò tọ̀nà, ó sì ká mi lára, torí irú ìdájọ́ yẹn ló ń pa àwọn ọmọ wa lára ní Èkìtì níbí.

Ẹ wo Chris Boardman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1996 ó gun kìlómítà 56.375 ní wákàtí kan, lórí kẹ̀kẹ́ àkànṣe tó jẹ́ kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ kí afẹ́fẹ́ má baà rí i mú. Nígbà tó yá, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá Merckx figagbága gun irú kẹ̀kẹ́ tí Merckx gùn. Boardman gùn ún ní Manchester lọ́dún 2000. Kìlómítà 49.441 ló rí gùn! Mítà mẹ́wàá péré ló fi ju Merckx lọ. Lóòótọ́ ọjọ́ orí ti kún un, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin nìkan ò lè jẹ kìlómítà méje lẹ́sẹ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà àti bó ṣe jókòó lé e ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ganna ní tirẹ̀ kò gun irú kẹ̀kẹ́ ti Merckx. Merckx náà sì wá àǹfààní tirẹ̀ lọ: Mexico City ga ju mítà 2,200 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́.

Afẹ́fẹ́ yìí ni ọ̀tá agunkẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹsẹ̀ máa fi la afẹ́fẹ́ kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré fi ń tò tẹ̀lé ara wọn, kí ẹni tó wà níwájú gba ìyà afẹ́fẹ́, kí ẹni ẹ̀yìn sinmi. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun sá ogójì kìlómítà ní wákàtí kan, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé ẹ̀yìn ta ló wà.

Tó bá wá di òkè, ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń ṣe ní Àrámọ̀kọ, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń sá eré ìje. A wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n kòkó: ọkùnrin wọn jẹ́ kílò 81, obìnrin wọn jẹ́ 54. Lójú ọ̀nà Ìgèdè sí Adó, ọkùnrin náà á lọ ráúráú. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kọjá Ìtawùré, tí wọ́n kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ wá wò ó. Á dìde lórí ìjókòó, kẹ̀kẹ́ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ṣéènì á máa ké, òógùn á máa kán tótó sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin yẹn á jókòó jẹ́ẹ́ lórí jíà tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì kọjá lára rẹ̀. Agbára ọkùnrin náà ló pọ̀ jù, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n tí a bá pín in sórí kílò kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ gbé gòkè, tọmọbìnrin náà borí.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá yan ọmọ fún ìdíje kan tí òkè kún ojú ọ̀nà rẹ̀. Ibi tó tẹ́jú ni wọ́n ti dán wọn wò, wọ́n ní kí gbogbo wọn gbéra pọ̀, wọ́n fi fóònù ka àkókò, wọ́n sì yọ ọmọbìnrin yìí kúrò. Ó dùn mí títí di òní.

Ní Kigali, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ ojú títì kọ́kọ́ wá sí Áfíríkà, Remco Evenepoel ọmọ Belgium lé Tadej Pogačar ọmọ Slovenia bá nínú eré àdásá, níbi tí oníkálukú ti ń dá gbéra tí wọ́n sì ń ka àkókò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Pogačar ló ti gbéra ṣáájú. Lọ́sẹ̀ kejì tí gbogbo wọn jọ gbéra, Pogačar gba wúrà, Evenepoel ṣe ipò kejì. Ta ló yára jù nínú wọn? Biniam Girmay ọmọ Eritrea wa gba ìpele mẹ́ta àti aṣọ àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù, ní Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2024, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Tá a bá ní ká ṣírò àkókò gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pọ̀, kò sí nítòsí Pogačar tó gba ìdíje náà rárá. Ta ló máa tìtorí ìyẹn pè é ní ọ̀lẹ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún akọ̀ròyìn yín: tó bá ti ń kọ iye àkókò, kó kọ bí ọ̀nà ṣe ga tó, àti bóyá ẹnì kan dá a sá ni àbí wọ́n jọ sá a. Àwọn tó ń yan ọmọ ní tiwọn, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá gbéra, lálọ àti lábọ̀ nítorí afẹ́fẹ́, lọ́jọ́ kan náà, lórí ilẹ̀ títẹ́jú àti lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Tí wọ́n bá fẹ́ òṣùwọ̀n, tiwa wà ní Àrámọ̀kọ.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníkẹ̀kẹ́,
Àrámọ̀kọ-Èkìtì.